Ìdérí Dúrọ́ọ̀mù Bàbá Wolé-wolé

Ìwé tí a kà ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ tí a sin Bàbá Àgbà, èmi ni mo kọ ọ́. Àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló pè mí ní Àkúrẹ́ tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Wọ́n ní, "Yẹmí, ìwọ lo mọ ìwé kọ nínú àwọn ọmọ-ọmọ, ìwọ ni Bàbá sì fẹ́ràn jù. Jọ̀ọ́, bá wa kọ ọ́." Mo kọ ọ́. Mo ní olóòótọ́ èèyàn ni, mo ní ohun tó bá sọ lójú ẹni náà ni yóò sọ lẹ́yìn ẹni. Mo dúró níwájú ìjọ, mo kà á, omi ń dà lójú mi, àlùfáà pàápàá ń nu ojú. Èyí tí mo ń kọ yìí yàtọ̀. Kò sẹ́ni tó bẹ̀ mí pé kí n kọ ọ́, kò sì sẹ́ni tí yóò kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì kankan.

Wolé-wolé ni Bàbá mi àgbà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa wọ ilé onílé káàkiri Ọ̀wọ̀, kó yẹ ṣáláńgá wò, kó ṣí ìkòkò omi, kó gba ẹ̀yìnkùlé lọ wo ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí. Ìjọba ní kó lọ sinmi, ó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Bí a bá bá a lọ síbi ìsọmọlórúkọ, àwọn àgbà ẹgbẹ́ rẹ̀ á wá àga jókòó, Bàbá á gba ẹ̀yìn ilé lọ. Bó bá padà dé, á fẹnu sí bàbá ọmọ létí, á ní, "Ẹ kú oríire o. Garawa ìdọ̀tí yín ò ní ìdérí." Bàbá ọmọ á rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fún ní ewúro jẹ. Ìyá Àgbà á ní, "Ẹ̀yin yìí náà! Ṣé ìdọ̀tí la wá sọ lórúkọ ni?" Àwa ọmọ-ọmọ ni Bàbá máa ń yíjú sí, á ní, "Ilé tó mọ́ níwájú tí kò mọ́ lẹ́yìn, ẹ̀tàn ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹnu rẹ̀ náà. Èdè Ọ̀wọ̀ la máa ń sọ nínú ilé. Ó ń fi ṣàwàdà, ó ń fi tọrọ omi, ó ń fi bá Ìyá Àgbà jà. Ṣùgbọ́n bó bá ti fi èdè Ọ̀wọ̀ sílẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Yorùbá inú Bíbélì, tó ń pe ẹyọ ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́ kejì ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí oníkálukú yáa wá ibi gbà. Ìdájọ́ ti dé nìyẹn.

Dúrọ́ọ̀mù ìdọ̀tí wa nìkan tó ìtàn. Ní àdúgbò wa, àwọn ọ̀tá ìdọ̀tí pọ̀. Ajá á wá torí egungun. Òkété á gba abẹ́ ògiri wá. Adìyẹ á fi ẹsẹ̀ tú u bí ẹni pé ó sọ wúrà nù síbẹ̀. Ọ̀gá gbogbo wọn ni ewúrẹ́, nítorí ojú kì í tì í. Lé e, á sún díẹ̀, á wò ọ́, á máa jẹnu. Bàbá gbógun ti gbogbo wọn. Ó gbé dúrọ́ọ̀mù lé orí búlọ́ọ̀kù kí òkété má baà rí ìdí rẹ̀ jẹ. Ó pe jórinjórin, ó ní kó so ìdérí irin mọ́ ọn, kó sì fi ìkọ́ há a níwájú. Egungun ẹja, a gbọ́dọ̀ rì í mọ́lẹ̀ lábẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Agolo sàdíìnì, a gbọ́dọ̀ ṣàn án kí a tó jù ú nù, kí òórùn rẹ̀ má baà pe ajá. Èèpo iṣu àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ní ọ̀rá tiwọn lọ́tọ̀, òkè pátápátá ni a sì ń gbé e lé. A bi í pé kí ló dé tí ó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ òkè. Ó ní kó má baà kẹ̀. A gbà. Ta ni yóò bá wolé-wolé jiyàn lórí ìdọ̀tí?

Iṣẹ́ mi ni ìkọ́ yẹn. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní ìlú òkèèrè, ọ̀dọ̀ Bàbá Àgbà ni mo ti ń lọ sílé ìwé, gbogbo ọmọ tó wà nílé ló sì ní iṣẹ́. Ẹnìkan ń gbálẹ̀, ẹnìkan ń pọnmi, èmi ń há ìdérí. Bàbá fúnra rẹ̀ ló kọ́ mi. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Tẹ̀ ẹ́ wọlé, kí o wá fi àtẹ́lẹwọ́ gbá a. Bó bá dún gbọ̀n-ìn, ó ti há. Bó bá dún gọ̀, tún un ṣe." Láàárọ̀, pẹ̀lú báàgì ilé ìwé lẹ́yìn mi, màá tẹ̀ ẹ́, màá gbá a, màá gbọ́ gbọ̀n-ìn. Inú mi á dùn. Ọmọ tí wọ́n fún ní ohun pàtàkì ni mí.

N kò ní purọ́, mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Lọ́jọ́ Sátidé, èmi ló ń mú lọ sí oko rẹ̀ ní Isuada. Ọlọ́kadà á jókòó síwájú, èmi láàárín, Bàbá lẹ́yìn, tó fi apá yí mi ká kí n má baà ṣubú. Ní oko, á sun iṣu, á bó o, á fún mi ní àárín tó rọ̀, òun á jẹ ibi tó ti jóná. Ó ń sọ fún mi nípa àwọn ilé tó ti wọ̀ láyé rẹ̀, ilé olówó tí ìdin ń rìn nínú ilé ìdáná rẹ̀, ilé tálákà tí o lè jẹun nílẹ̀ rẹ̀. Mo sọ fún un pé nọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ ṣe. Ó ní ó yẹ mí, pé nọ́ọ̀sì àti wolé-wolé, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ó ní, "Ojú mi ti ń ṣú báyìí. Ìwọ ni ojú mi."

Àwọn ìjà rẹ̀ ńkọ́? Ìjà ewúrẹ́ ló pọ̀ jù. Bàbá ni alága àdúgbò, òun ló sì ṣòfin pé ewúrẹ́ kankan kò gbọdọ̀ rìn kiri. Èyí tó bá rí, á so ó mọ́ ìdí máńgòrò iwájú ilé wa. Ẹlẹ́ran á wá kúnlẹ̀, Bàbá á fi Yorùbá inú Bíbélì wàásù fún un títí ẹran pàápàá á fi dákẹ́. Ó mú ti tíṣà. Ó mú ti ọmọ ìjọ tiwa gan-an, ìyẹn kò sì kí i mọ́ títí Bàbá fi kú.

Ẹran ẹnìkan ṣoṣo ni kì í mú. Ti Màmá Bọ́sẹ̀ ni, opó tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, tó ń ta gàrí. Ewúrẹ́ dúdú kan ni, tí etí rẹ̀ kan funfun, sísanra rẹ̀ kọjá bẹ́ẹ̀. Bí a bá ní, "Bàbá, ti Màmá Bọ́sẹ̀ tún ti jáde o," á ju ọwọ́ nù, á ní, "Ẹ fi í sílẹ̀. Opó ni." A máa ń wo ara wa pé, ẹ ò rí àánú! Mo kọ èyí náà sínú ìwé ìsìnkú. Mo ní òfin rẹ̀ le, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ rọ̀. Ìjọ mi orí.

Ewúrẹ́ dúdú yìí gan-an ló bẹ̀rẹ̀ sí í tú dúrọ́ọ̀mù wa. A ó ti ilé ìwé dé, a ó bá ìdérí ní ṣíṣí, ọ̀rá èèpo ti ya, ìdọ̀tí kún ẹ̀yìnkùlé. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, mo rò pé bóyá mo kánjú ni. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í há a tọkàntọkàn. Mo ń gbọ́ gbọ̀n-ìn. Mo tún ń padà lọ wò ó kí n tó jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń dé bá a ní ṣíṣí. Mo ní bóyá ewúrẹ́ náà ti mọ bí wọ́n ṣe ń yọ ìkọ́. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ewúrẹ́ ò ní ìka. Ẹni tó ní ìka ló ṣí i sílẹ̀." Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá Ìdérí. Àbúrò ń pè mí bẹ́ẹ̀, ẹ̀gbọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ pólì tó háyà yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa náà gbọ́, wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ń ṣa ìdọ̀tí náà nílẹ̀, tí Bàbá á káwọ́ sẹ́yìn tí á máa wò mí.

Ọjọ́ ìpàdé àdúgbò ló wá burú pátápátá. Ọ̀sán Sọ́ńdè ni, lẹ́yìn ìsìn. Àwọn àgbà àdúgbò jókòó sí iwájú ilé wa. Bàbá dìde, ó ti bọ́ sínú Yorùbá inú Bíbélì, ó ń sọ pé ilé tí ẹran bá ti ń jẹ ìdọ̀tí rẹ̀, kí olórí ilé náà wá dúró kó ṣàlàyé ara rẹ̀ níwájú gbogbo ènìyàn. Ẹnu rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà tí ewúrẹ́ dúdú fi ti ẹ̀yìnkùlé wa yọ. Ó ti ki orí bọ ọwọ́ ọ̀rá èèpo, ọ̀rá náà sì kọ́ sí i lọ́rùn. Ọ̀rá ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, aláwọ̀ búlúù, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ pé ilé wa ló ti wá. Ó rìn gba àárín ìpàdé kọjá bí ìyá ìyàwó. Tíṣà, ẹni tí Bàbá ti mú ẹran rẹ̀ rí, pàtẹ́wọ́, ó ní, "Wolé-wolé, ewúrẹ́ ló wá wo ilé yín lónìí o!" Ẹ̀rín sọ. Màmá Bọ́sẹ̀ náà wà níbẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, ilẹ̀ ló ń wò.

Bàbá pè mí. Mo jáde. Ó ní, "Ẹ wo ọmọ tó ń dójú tì mí." Mo ní, "Bàbá, mo há a. Kí a tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mo há a, mo gbọ́ ohùn rẹ̀." Ó ní irọ́ ni. Mo sáré wọlé, mo gbé Bíbélì rẹ̀ jáde, mo gbé ọwọ́ lé e, mo ní kí Ọlọ́run ṣe ìdájọ́ mi bí mi ò bá há ìdérí yẹn. Bàbá wò mí. Mo ti ń rántí ojú yẹn láti ìgbà náà, mo máa ń rò pé ìbínú ló wà níbẹ̀. Ó na ọwọ́, ó gba Bíbélì lọ́wọ́ mi, ó ní, "Má fi Ìwé Mímọ́ bo irọ́ mọ́lẹ̀." Ó wá kọjú sí àwọn àgbà, ó ní ẹni tí kò lè ṣọ́ ìdérí, kò lè ṣọ́ ilé. Ó ní kí n di ẹrù mi, kí n máa lọ bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ní oko Arimogija. Àwọn àgbà ní ó ṣe dáadáa, wọ́n ní bí a ṣe ń tọ́mọ nìyẹn.

Arimogija kò burú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi, Àǹtí Kẹ́mi, fẹ́ràn mi, oúnjẹ wà, kòkó wà, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wà. Ohun tí kò sí ni tíṣà sáyẹ́ǹsì ní ilé ìwé tí mo lọ. Bí nọ́ọ̀sì ṣe bọ́ lọ́wọ́ mi nìyẹn, láìsí ariwo, bí ìgbà tí nǹkan bá bọ́ láti ẹ̀yìn ọ̀kadà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́. Orúkọ mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Bí mo bá jáde nílé ìdáná, Àǹtí Kẹ́mi á ní, "Ìyá Ìdérí, ṣé o ti dé ìkòkò?" Eré ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí: mo gbà wọ́n gbọ́ níkẹyìn. Mo gbà pé ọwọ́ mi kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, pé ó lè ṣe nǹkan kí n má sì mọ̀. Títí di àná, bí mo bá ti ilẹ̀kùn, màá padà lọ wò ó. Màá wo gáàsì, màá wo ẹ̀rọ omi, màá tún padà sí ilẹ̀kùn. Ọkọ mi á ní, "Yẹmí, o ti tì í. Mo rí ọ." Mi ò gbà á gbọ́.

Lọ́dọọdún, bí Kérésìmesì bá ti ń bọ̀, Bàbá máa ń fi itan ewúrẹ́ yíyan rán awakọ̀ sí mi ní Arimogija. Á ní kí wọ́n sọ fún mi pé òun rà á lọ́jà nítorí mi, pé òun kò gbàgbé mi. Mo máa ń sunkún bí mo bá ń jẹ ẹran yẹn. Mo ń sọ lọ́kàn mi pé, wò ó, mo dójú tì í láàárín ẹgbẹ́, síbẹ̀ ó ti dárí jì mí.

A sin ín tán. Àlejò túká. Mo ń gbá iwájú ilé, Ìyá Àgbà ń ṣa ẹ̀wà lórí àga, ni Màmá Bọ́sẹ̀ bá yọ. Ó ti darúgbó báyìí. Ó fa ewúrẹ́ lókùn, abo kan àti àwọn ọmọ rẹ̀, dúdú ni gbogbo wọn. Ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Àgbà, ó ní, "Màmá, ẹ kú ara fẹ́ra kù. Mo wá fi ẹran Bàbá lé yín lọ́wọ́."

Mo ní, "Ẹran Bàbá wo?"

Ó ní, "Ẹran Bàbá yín ni. Nígbà tí ọkọ mi kú tí mi ò rí ibi fojú sí, Bàbá ra abo ewúrẹ́ kan, ó ní kí n máa bá òun sìn ín. Bó bá bí, a ó pín in, tèmi, tirẹ̀. Ìpín tirẹ̀ tó kù rèé. Mi ò lè jẹ ohun òkú."

Ìgbálẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀ ẹ́n? Bàbá wolé-wolé? Bàbá tó ń so ẹran onílé gbogbo mọ́ máńgòrò?

Màmá Bọ́sẹ̀ rò pé ìyìn ni òun ń sọ. Ó ní, "Ó fẹ́ràn ẹran yìí o! Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni, pé ẹni tó ṣòfin kò lè ní ẹran láàárín ìgboro. Kò tún lè máa ru èèpo sọdá títì wá bá mi, àwọn èèyàn á rí i. Bí ẹ̀yin ọmọ bá ti lọ sílé ìwé, tàbí tí ẹ ti ṣáájú lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, òun fúnra rẹ̀ ló ń yọ ìkọ́ dúrọ́ọ̀mù, á fi ẹnu pe ẹran náà, á wá jẹun. Ìdí tó fi sanra nìyẹn. Ṣé o rántí àwọn itan tó ń fi ránṣẹ́ sí ọ ní Arimogija? Lára ìpín tirẹ̀ ló ti ń mú wọn."

Mo wá mọ ìdí tí ọ̀rá èèpo fi ní láti wà lókè. Mo wá mọ ohun tó wà lójú rẹ̀ nígbà tó ń gba Bíbélì lọ́wọ́ mi. Ìbínú kọ́. Ó ń bẹ̀rù pé bí mo bá tẹ̀síwájú nínú ìbúra, àwọn àgbà á gbà mí gbọ́.

Mo yíjú sí Ìyá Àgbà. Ọwọ́ rẹ̀ ti dúró nínú ẹ̀wà. Mo ní, "Màmá, ẹ mọ̀?" Kò wò mí. Ó ní, "Mo mọ̀." Màmá Bọ́sẹ̀ wo èmi, ó wo Ìyá Àgbà, ó ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Mo rò pé wọ́n ti sọ fún ọmọ yìí tipẹ́."

Lọ́jọ́ kan náà, nígbà tí gbogbo ẹbí jókòó láti pín ẹrù Bàbá, mo sọ̀rọ̀. Mi ò béèrè ilé, mi ò béèrè oko. Ohun tí mo béèrè kò ju pé kí ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó dàgbà jù, tó ti di olórí ẹbí, dìde lójú gbogbo wọn kó sọ pé, "Kì í ṣe Yẹmí." Ó tán. Wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní Bàbá yìí gbọ́n! Wọ́n ní Ìyá Ìdérí, mú ọ̀kan nínú ẹran, kí inú rẹ rọ̀. Nígbà tí wọ́n rí i pé mi ò rẹ́rìn-ín, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tún aṣọ ṣe. Ó ní, "Yẹmí, ṣé o fẹ́ kí n sọ pé òpùrọ́ ni bàbá mi? Lẹ́yìn ìwé tí ìwọ fúnra rẹ kà ní ṣọ́ọ̀ṣì? Ẹnu rẹ náà ló ní olóòótọ́ ni. Fi òkú sílẹ̀ kó sinmi." Wọ́n bá tẹ̀síwájú, wọ́n ń pín àga.

Ìyá Àgbà tẹ̀ lé mi wọ yàrá. Ó ti ilẹ̀kùn. Ó ní òun bá a jà nígbà náà, òun kò bá a sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́, òun ní kó sọ òtítọ́ kó sì dá ọmọ padà wá sí ilé ìwé rẹ̀. Mo ní, "Kí ló dé tó jẹ́ èmi? Ọmọ pọ̀ nínú ilé yìí. Kí ló dé tí kò ní kí ẹlòmíràn máa há ìdérí?"

Ó jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ń fi ọwọ́ tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tó ti tẹ́.

Ó ní, "Mo bi í bẹ́ẹ̀. Ó ní àwọn yòókù á di òun sínú. Ó ní ìwọ lo fẹ́ràn òun jù, pé bí o bá mọ̀ pàápàá, o ò ní bínú."

Bàbá, ẹ ṣì mí mọ̀.